Rántí Ọmọ Ẹni Tí Ìwọ Ń Ṣe

Kí ni a jẹ ọmọ tí ó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí àwa tí a tọ́ ọ kò dé rí? Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìsẹ́yìn, ọdọọdún sì ni àwọn kan nínú àwọn tí mo kọ́ máa ń wá dágbére fún mi. Òmíràn ń lọ kàwé sí i ní Ìlú Ọba, òmíràn ti di nọ́ọ̀sì, ó ti gba iṣẹ́ níbẹ̀, òmíràn ń lọ sí Kánádà. Àdúrà ni a fi ń sìn wọ́n. Àwọn àgbà á gbé ọwọ́ lé wọn lórí, ìyá á di gàrí àti ẹ̀gúsí lílọ̀ sínú báàgì, bàbá á wá sọ gbólóhùn kan tí gbogbo ọmọ Yorùbá ti gbọ́ rí: rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe. Ó parí nìyẹn. Ọmọ wọ mọ́tò, ó di Èkó, ó di òkè òkun.

N kò kẹ́gàn gbólóhùn náà o. Ẹnu ìyá mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo sì ti sọ ọ́ fún ọmọ tèmi. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé kí ni ọmọ náà yóò rántí gan-an, ní ọjọ́ tí ọ̀gá bá ní kí ó fọwọ́ sí ìwé tí kò yé e? Ṣé yóò rántí pé ọmọ ẹni tí kì í bá àgbà jiyàn ni òun, àbí yóò rántí pé ọmọ ẹni tí kì í purọ́ ni òun? Àwa la fi méjèèjì kọ́ ọ. A kò sọ èyí tí yóò mú àti èyí tí yóò fi sílẹ̀ fún un, bí méjèèjì bá pàdé lójú ọ̀nà tóóró.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé àwa ará Ìsẹ́yìn ju ẹlòmíràn lọ, torí ọ̀dọ̀ wa ni àgọ́ àwọn àgùnbánirọ̀ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà. Láti ọdún 1973 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń mú àwọn tó bá jáde ní yunifásítì lọ sin ilẹ̀ baba wọn ní ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Wọn kì í kàn jù wọ́n sẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ 21 ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò ní àgọ́, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ nípa ìlú tí wọ́n wá, èdè rẹ̀, àṣà rẹ̀, irú iṣẹ́ tó ń dúró dè wọ́n, àti ibi tí wọ́n máa gbà bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó. Síbẹ̀ náà, àṣìṣe ṣì ń ṣẹlẹ̀. Àgùnbánirọ̀ kan tí ó ti Ákwá Ìbọm wá kọ́ wa ní Ìṣirò ní ọdún kan. Ọmọ tó já fáfá ni. Kò tíì pé oṣù méjì tí ó fi ń sọ Yorùbá, ó ń tàkúrọ̀sọ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, inú gbogbo wa ń dùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó wọ yàrá àwọn olùkọ́, ó kọjú sí ìyá kan tí ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ó ní, "Báwo ni? Ṣé o ti jẹun?" Kẹ́kẹ́ pa. Ìyá náà kò dá a lóhùn fún odidi ọjọ́ méjì. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ni àgùnbánirọ̀ wa ti kọ́ èdè, èdè àwọn ọ̀dọ́ ló sì gbé wá bá àgbà. Nígbà tí a ṣàlàyé fún un, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ó sì lọ kúnlẹ̀ bẹ ìyá náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin ni, tí dídọ̀bálẹ̀ ló yẹ ẹ́. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé ó gbọ́ èdè, kò gbọ́ ibi iṣẹ́. Ẹni tó ń ti Úyò bọ̀ ní Ìsẹ́yìn gba ọjọ́ 21, kò sì tó. Ẹni tó ń ti Ìsẹ́yìn lọ sí Manchester gba àdúrà kan àti ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní IELTS.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò rìn. Ní ayé àwọn amúnisìn, àwọn oníṣòwò láti Ṣakí, Ìgbòho, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà kún àwọn ọjà Gánà débi pé ẹni tó bá dé Tamale tàbí Kumasi kò ní í wá ẹni tí yóò bá a sọ Yorùbá tì. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń lọ. Ọmọdé kì í dá lọ. Ó ń tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tàbí ará àdúgbò, ó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń bá a ru ẹrù, ó ń bá a kiri, èdè ibẹ̀ sì ń wọ̀ ọ́ létí díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ní ìsọ̀ tirẹ̀. Ọ̀hún ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà, àgbà sì wà níbẹ̀ tí yóò fa etí rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà yẹn kò fi kọ́ ọmọ ni ìwé àṣẹ ìgbélùú, torí ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn fúnra wọn. Nígbà tí ó di ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé náà lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó fi ìlú sílẹ̀. Àwọn tó ti lo ogún ọdún níbẹ̀, àti àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀, ń ta ọjà ní ọ̀pọ̀ láti lè rí owó ọkọ̀. (Kí a má ṣe mú ara wa ní olódodo: ní oṣù kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà, báàgì tí a fi orúkọ ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn pè sì wà ní yàrá gbogbo wa títí dòní.)

Lónìí, ọmọ ń dá lọ. Ẹni àkọ́kọ́ tí yóò mọ̀ níbẹ̀ lè jẹ́ onílé tí yóò gba owó yàrá lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n bàbá fi ń kọ́ ọ ní Kumasi, ilé ni ó kù tí a ti lè kọ́ ọ báyìí, kí ó tó gbéra. Mo gbà pé gbèsè àkọ́kọ́ tí a jẹ ẹ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tó le jù nínú rẹ̀ ni ti ẹnu. Ní ìlú wa níbí, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ òfì kì í fi ẹnu kọ́ ọ. Ó jókòó ti ọ̀gá, ó ń wo ọwọ́, ó ń wo ẹsẹ̀, ó ń wo bí ọ̀kọ̀ ṣe ń lọ àti bí ó ṣe ń bọ̀. Òwú já, ó so ó. Wọ́n rán an níṣẹ́, ó lọ. Ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí ó fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà. Bí ó bá ń bi ọ̀gá pé "kí ló dé tí ẹ fi ṣe é báyìí?" ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, wọ́n á ní ẹnu rẹ̀ ti pọ̀ jù, ojú ni kí ó lò. Ẹ̀kọ́ yìí kò burú rárá. Òun ló mú kí ẹ̀tù, sányán àti àlàárì ṣì wà lọ́wọ́ wa lẹ́yìn gbogbo ohun tí ayé ti gbé lọ.

Ṣùgbọ́n ní ibi tí àwọn ọmọ wa ń lọ, ẹni tó bá dákẹ́, wọ́n gbà pé ó ti mọ̀ ọ́n ni. Nọ́ọ̀sì tó bá ti Nàìjíríà lọ sí Ìlú Ọba gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò àfọwọ́ṣe kan tí wọ́n ń pè ní OSCE kí orúkọ rẹ̀ tó lè wọ ìwé wọn. Mímọ̀ ọ́n ṣe nìkan kò tó níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ orúkọ rẹ̀ fún aláìsàn, kí ó sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe àti ìdí rẹ̀, kí ó gba àṣẹ lẹ́nu onítọ̀hún kí ó tó fọwọ́ kàn án. Nọ́ọ̀sì tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá, tí ó ti gún àìmọye ènìyàn ní abẹ́rẹ́ ní Ìbàdàn, lè pàdánù máàkì níbẹ̀ nítorí pé ó ṣe é ní ìdákẹ́jẹ́.

Ẹ má sì rò pé wọ́n bí ẹ̀kọ́ yìí mọ́ àwọn òyìnbó. Láàárín ọdún 2005 sí 2009, ìyà jẹ àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn kan ní Stafford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Omi wà nítòsí, kò sí ẹni tí yóò gbé e fún wọn mu; wọ́n dọ̀tí ara, kò sí ẹni tí yóò nù wọ́n. Nígbà tí Robert Francis, agbẹjọ́rò tó darí ìwádìí náà, gbé ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù kejì ọdún 2013, ara ohun tí ó tọ́ka sí ni pé ẹ̀rù ba àwọn òṣìṣẹ́ láti sọ̀rọ̀, àwọn tó sì sọ̀rọ̀, a kò kà wọ́n sí. Ọdún tó tẹ̀lé e ni òfin jáde pé kí ilé ìwòsàn máa sọ òtítọ́ fún aláìsàn bí a bá ṣe é léṣe. Ìdákẹ́jẹ́ tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá ti gba ẹ̀mí kí wọ́n tó kọ́ ọgbọ́n yẹn.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí ní yàrá àwọn olùkọ́, alàgbà kan láàárín wa sì fèsì pé, "Ẹ̀yin ẹ fẹ́ sọ ọmọ ọlọ́mọ di aláfojúdi. Bí ó bá kọ́ láti dá òyìnbó lóhùn, ṣé kò ní í dá èmi náà lóhùn tó bá dé?" Ẹ̀rù tó bà á kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Àwọn ọmọ kan ń bọ̀ láti òkè òkun tí wọ́n ń fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí ìyá wọn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tèmi ni pé a ti da ohun méjì pọ̀ sínú àpò kan, a sì ń pe àpò náà ní ọmọlúàbí. Ìkúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀, àìwo àgbà lójú, ìlò "ẹ" dípò "o": aṣọ ìwà ni àwọn wọ̀nyí. Ìwà fúnra rẹ̀ ni òtítọ́, àìlẹ́tàn, àánú fún aláìlágbára, kí a má jẹ oúnjẹ tí a kò ṣiṣẹ́ fún. Aṣọ lè yí padà bí ojú ọjọ́ ìlú bá ṣe rí. Bí ọmọ mi bá dákẹ́ nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ fún arúgbó ní oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀, kò rántí ọmọ ẹni tí òun ń ṣe, bí ó tilẹ̀ kúnlẹ̀ kí ọ̀gá náà ní ẹ̀ẹ̀méje lójúmọ́.

Èdè wa pàápàá mọ̀ pé ọmọdé lè ní òtítọ́ tí àgbà nílò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé "tótó, ó ṣe bí òwe," tí a fi ń ní "kí ẹ̀yin àgbà má bínú" kí a tó sọ ohun tó korò. Àwọn òyìnbó ní irú tiwọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ̀ pé òun lè sọ fún ọ̀gá pé "ẹ jọ̀wọ́, kò yé mi, ẹ tún un sọ", tàbí "ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wádìí kí n tó fọwọ́ sí i", kò tíì rí ẹnikẹ́ni fín. Mo ń jẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì mi sọ gbólóhùn wọ̀nyí lóhùn òkè ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ ó yà lẹ́nu bí ó ṣe nira fún àwọn tó mọ̀wé jù.

Ní ọ̀nà mìíràn, ẹ̀kọ́ ilé wa ti fún wọn ní ohun tí a kò mọ̀ pé a fún wọn. A máa ń rò pé òyìnbó a máa sọ̀rọ̀ ní tààrà. Irọ́ ni. Ọ̀gá tó bá ní "bóyá o lè fẹ́ tún ìjábọ̀ yìí wò" ti pàṣẹ; ẹni tó bá ní "ó dára, ṣùgbọ́n" kò tíì yìn ọ́. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ fún ọmọlúàbí tiwọn náà, wọ́n sì ń retí pé kí ó dé inú rẹ̀ kó di odindi. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti fi ojú lásán bá wí láàárín àlejò, tí ó sì mọ̀ pé kí òun gbé ọwọ́ kúrò nínú abọ́ ẹran, ti gba oyè nínú ìmọ̀ yìí. Kí a ṣáà sọ fún un pé ohun kan náà ni. Kí a sì sọ fún un pé kò sí "ẹ kú iṣẹ́" níbẹ̀. Ènìyàn lè kọjá lára rẹ̀ níbi tó ti ń làágùn, kí ó má kí i, kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa sọ pé èyí gan-an ló dun òun ju òtútù lọ.

Ti òfin wá ńkọ́? Ibí yìí ni mo ti ń bínú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ gba oyè ní yunifásítì Ìlú Ọba kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Kò sì gbọdọ̀ dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí lọ́nà tí ará Ìsẹ́yìn yóò fi gbọ́: bí ìyá rẹ̀ bá di aṣọ òfì mẹ́wàá fún un pé kí ó máa tà á níbẹ̀ láti fi ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, ó ti fi ìwé ìrìnnà ọmọ náà sínú ewu. Mélòó nínú wa ló mọ̀? Àwọn tó lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, tí ọ̀nà wọn là ní oṣù kejì ọdún 2022, rí ti wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n ní ẹni tó bá ń bọ̀ kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ wá mọ́. Ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tuntun láti òkè òkun pátápátá. Láàárín àkókò yẹn, àwọn alágbàtà gba owó ńlá lọ́wọ́ ènìyàn fún iṣẹ́ tí kò sí. Bí ilé iṣẹ́ tó mú òṣìṣẹ́ wá bá pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún òṣìṣẹ́ náà láti wá òmíràn tàbí kí ó padà sílé. Owó orí kan wà tí ìjọba ń gbà lórí òṣìṣẹ́ àjèjì, agbanisíṣẹ́ ni òfin sọ pé yóò san án. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ 28 lọ́dún, tí wọn yóò sì sanwó rẹ̀ fún un. Ọmọ tí a kò sọ èyí fún yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń rẹ́ ẹ jẹ.

Àwọn kan á bi mí pé kí ló dé tí olùkọ́ tí ìjọba Ọ̀yọ́ ń san owó fún yóò fi máa kọ́ ọmọ bí yóò ṣe sin ìlú ẹlòmíràn. Ìbéèrè gidi ni. Nàìjíríà wà nínú orílẹ̀-èdè 55 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ sílẹ̀ ní ọdún 2023 pé òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó, tí kò yẹ kí àwọn olówó máa wá fi ìpolówó kó wọn lọ. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n n kò lè fi àìmọ̀ ọmọ ṣe ọgbà tí yóò dá a dúró sílé. Àwọn tí yóò lọ á lọ. Ọmọ tó bá sì mọ bí a ṣe ń ka ìwé àdéhùn kí a tó fọwọ́ sí i, yóò wúlò ní Ìbàdàn àti Èkó náà, níbi tí àwọn agbanisíṣẹ́ kan ti ń jẹ owó oṣù mẹ́ta mọ́ òṣìṣẹ́ lọ́rùn.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bọ̀. Ohun tí a kì í kà mọ́ ibi iṣẹ́ ọmọ ni fóònù tí a fi ń pè é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi náírà 460 ni dọ́là kan. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Owó ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ rò pé ẹ ti ní pamọ́ kò tó mọ́. Ẹ ta ilẹ̀, ẹ yá owó, ọmọ lọ tán, ẹ wá ń ṣírò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, owó tó kéré jù tí òfin ní kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́ tó ti pé ọmọ ọdún 21 di pọ́n-ùn 12.21 fún wákàtí kan. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 244 àti díẹ̀ nígbà náà. Àwa níbí ń sọ ọ́ di náírà, ó sún mọ́ ìdajì mílíọ̀nù ní ọdún náà, a sì ń bi ọmọ pé kí ni ó ń fi ṣe. Òun ń ná an ní pọ́n-ùn: ilé, oúnjẹ, ọkọ̀, àti ìyókù owó ilé ẹ̀kọ́. Ibi tí ó ti ń wo ojú wa ni yóò ti gba iṣẹ́ òru kejì tí òfin kò gbà fún un, lọ́wọ́ ọ̀gá tó mọ̀ pé kò lè fẹjọ́ sun. A kọ́ ọ láti sọ òtítọ́ fún ọ̀gá, a kò jẹ́ kí ó lè sọ ọ́ fún àwa.

Mo sọ èyí níbi ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ wa. Ìyá kan ní, "Tíṣà, bí n kò bá béèrè owó, kí ni kí n wá béèrè?" Mo ní kí ó béèrè ìgbà tí ọmọ dé láti ibi iṣẹ́, kí ó béèrè orúkọ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kí ó béèrè wákàtí mélòó ni ó ṣe lọ́sẹ̀ yẹn. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá kan dìde lẹ́yìn, inú ń bí i. Ó ní, "Ilẹ̀ tí mo tà ńkọ́?" Mo bi í pé ọdún mélòó ni ó fi tu owó tí ó fi ra ilẹ̀ náà jọ. Ó ní mẹ́sàn-án. Mo bi í pé ìgbà wo ni ọmọ rẹ̀ dé ọ̀hún. Ó ronú díẹ̀, ó ní yóò pé oṣù mẹ́rin lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Ó jókòó. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bi í pé irú iṣẹ́ wo ni ọmọ náà tilẹ̀ ń ṣe, bàbá náà sì wò ó títí, ó ní òun yóò pè é lálẹ́ kí òun béèrè.